Fẹlá, Mólúè àti Ìrun Wa: Àyẹ̀wò Àwo ‘Shuffering and Shmiling’

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ni ẹ ń gbọ́ orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì lónìí ju bí àwọn bàbá yín ti gbọ́ ọ lọ. Nígbà tí ó wà láyé, ilé Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń gbé àwo rẹ̀ sí i kò pọ̀. Igbó mímu, ìhòòhò àti èébú ni àwọn òbí fi mọ̀ ọ́n, wọn a sì lé ọmọ kúrò nítòsí rédíò bí ohùn rẹ̀ bá ti jáde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 2009 àwọn òyìnbó gbé ìtàn ayé rẹ̀ sí orí ìtàgé ní Broadway ní Amẹ́ríkà. Orin rẹ̀ sì ti wà nínú fóònù àwọn ọmọ ilé-kéwú báyìí, mo ti rí i, mo sì ti gbọ́ ọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń gbọ́ ọ, ó sàn kí a jọ gbọ́ ọ pa pọ̀, kí a sì bi í ní ìbéèrè.

Àwo tí mo mú wá ni ‘Shuffering and Shmiling’, èyí tí ó jáde ní 1978. Orin kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. Orin náà gba ojú àwo méjèèjì, ó sì lé ní ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá gbé e sí i, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rárá, nítorí pé ìlù, gìtá àti fèrè ni yóò máa dún lọ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọkùnrin kan yóò wọlé. Kò kọrin lákọ̀ọ́kọ́. Ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni. Ó rọ àwọn ọmọ Áfíríkà pé kí wọ́n gbọ́ òun bí ọmọ Áfíríkà, ó sì rọ àwọn tí kì í ṣe ọmọ Áfíríkà pé kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn ọkàn wọn. Ó wá ní kí olúkúlùkù gbé ọkàn rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ tí ń kọrin níwájú rẹ̀, kí ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí tí ó bá wù ú, títí kan ìjọ àwọn aláṣọ funfun. Ìgbà tí ó bá kó gbogbo wa débẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí odidi àwo máa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí kò ṣàjèjì láyé ìgbà náà. Ní ìlú Ọba, àwọn olórin rock kan ti sọ orin wọn di gígùn, wọ́n sì ń pe ẹgbẹ́ ńlá àwọn onígòjé àti onífèrè láti wá kún wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1974, Rick Wakeman gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ nínú gbọ̀ngàn Royal Festival Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn tí Jules Verne ará Faransé kọ nípa ìrìn àjò lọ sí ààrin inú ilẹ̀ ni ó fi ṣe orin, pẹ̀lú London Symphony Orchestra, ẹgbẹ́ akọrin, àti òṣèré kan, David Hemmings, tí ń ròyìn ìtàn náà láàárín orin. Ní 1978 tí àwo Fẹlá jáde gan-an ni Jeff Wayne náà gbé ‘The War of the Worlds’ jáde, Richard Burton sì ni asọ̀tàn tirẹ̀. Mo ti gbọ́ méjèèjì. Wọ́n dùn ún gbọ́, owó tí wọ́n ná sí i sì hàn. Ṣùgbọ́n inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ni ìtàn èkínní wà, èkejì sì jẹ́ ti àwọn àjèjì tí ó ti inú ìràwọ̀ Mars wá gbógun. Asọ̀tàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fi ohùn dídára sọ fún wa nípa ohun tí kò lè kàn wá láéláé. Ìtàn tí Fẹlá ń sọ, àwa ni a ó wọ ọkọ̀ inú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Ní tèmi, n kò rò pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó wọ̀nyí ni Fẹlá ti kọ́ ọgbọ́n ìgbékalẹ̀ yìí. Ilé ni ó wà. Ẹ rántí àlọ́ àpagbè: ẹnì kan ń sọ ìtàn, bí ó bá dé ibì kan yóò dá orin, àwọn ọmọdé yóò sì gbè é. Tàbí kí ẹ tilẹ̀ rántí àpéjọ tàfúsírù wa nínú oṣù Rámádánì. Ajánásì yóò ké àáyà, àáfà yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, yóò fi ọ̀rọ̀ ìlú kún un, yóò fi ẹni tí ó pẹ́ dé ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀, àwọn èrò yóò sì dáhùn. Ẹ fi etí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé ètò kan náà ni Fẹlá ń lò. Àwọn fèrè ni ajánásì rẹ̀, wọn a ké ohùn náà ṣaájú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò túmọ̀. Àwọn obìnrin elégbè ni èrò tí ń dáhùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí àfiwé yìí. Ètò rẹ̀ ni mo ń sọ, n kò sọ pé ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹgbẹ́ Africa 70 tí ó kọrin náà kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Fèrè oríṣiríṣi, gìtá mélòó kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà, àti ìlù òyìnbó tí Tony Allen ń lù, kí ó tó di pé ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà náà. Lékan Animashaun, tí ó ti bá Fẹlá bọ̀ láti ayé Koola Lobitos, ni ó ń fọn fèrè saxophone tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Fẹlá lọ kọ́ṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, ó mọ bí òyìnbó ti ń to ohùn èlò lé ara wọn. Ṣùgbọ́n kò lo ìmọ̀ náà láti fi ṣe fáàrí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé kò sí ẹni tí ń kánjú nínú gbogbo wọn. Gìtá kan yóò máa sọ gbólóhùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní ó ti sú òun. Ẹni tí ó bá ti jókòó rí nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti Òṣòdì dé Mushin, tí ẹ́ńjìnnì ń dún ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, yóò mọ ohun tí gìtá yẹn ń sọ kí Fẹlá tó ya ẹnu rẹ̀. Ojú ọ̀nà yìí gan-an ni ilé rẹ̀ wà, Ọ̀nà Mọ́tò Agége, èyí tí ó gba Òṣòdì wa kọjá. Ibẹ̀ ni àwọn sójà ti sun ilé náà ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1977. Kì í ṣe ẹni tí ó jìnnà sí wa ni ó ń kọrin nípa wa.

Ibi tí àwo yìí ti dára jù lọ ni ibi tí ó ti wọ mólúè. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a láyé, ọkọ̀ ẹrù Mercedes 911 ni wọ́n ń kan ara ọkọ̀ èrò lé lórí, wọn a kùn ún ní yẹ́lò, wọn a fa ìlà dúdú sí i lára. Fẹlá ka iye èrò tí ó jókòó, ó ka iye èrò tí ó dúró, iye àwọn tí ó dúró sì ju ìlọ́po méjì àwọn tí ó jókòó lọ. Ó fi wọ́n wé ẹja inú agolo. Lẹ́yìn èyí ni ó tẹ̀ lé èrò ọkọ̀ náà. Ó délé, kò sí omi. Ó dé orí ibùsùn, kò sí iná. Ó jáde sí títì, ọkọ̀ kò lọ. Ọlọ́pàá gbá a létí, sójà fi kòbókò nà án. Ó dé ibi iṣẹ́, wọ́n ti kọ ìwé kò-tẹ́-wa-lọ́rùn dè é. Ó wo àpò, kò sí owó. Elégbè sì ń sọ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé bákan náà ni lójoojúmọ́.

Ẹ wò ó bí ó ti kà á. Kò sunkún, kò pariwo, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohunkóhun. Bí olùkọ́ ti ń ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì ní òwúrọ̀ ni ó ń ka ìyà náà, ìyà kọ̀ọ̀kan sì ń dáhùn pé òun wà níbẹ̀. Mo ti ka ewì Yorùbá púpọ̀ tí ó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́, tí ó fi omijé àti àkànlò èdè kún un títí tí a kò fi rí tálákà náà mọ́. Ti Fẹlá yìí, a rí i. A mọ ibi tí bàtà ti ń ta á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí ó lò náà ràn án lọ́wọ́, nítorí pé èdè inú ọkọ̀ ni. Àwọn Íbò, Ẹ̀gùn, Haúsá àti Yorùbá tí ó fún mọ́ra wọn nínú mólúè kò ní òmíràn tí wọ́n lè jọ fi bú kọ̀ndọ́.

Orúkọ àwo náà pẹ̀lú, etí Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ó sọ ‘s’ di ‘sh’, bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, bẹ́ẹ̀ àwa tí a ti ń fi ‘s’ àti ‘ṣ’ bá àwọn ará Ìbàdàn ṣeré láti ọjọ́ tó ti pẹ́ mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣi lẹ́tà yìí sọ, ẹ̀rín ni a ó fi rín in. Ìyà àti ẹ̀rín, ó ba méjèèjì jẹ́ lẹ́nu.

Ohun kan ni mo retí nínú apá mólúè yìí tí n kò gbọ́. Níbo ni oníwàásù inú ọkọ̀ wà? Ẹni tí ó bá wọ mólúè l'Óṣòdì láyé ìgbà náà mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti gbéra báyìí, ẹnì kan yóò dìde pẹ̀lú Bíbélì, bí ó bá jókòó, ẹlòmíràn yóò dìde pẹ̀lú oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Fẹlá fẹ́ fi hàn pé ẹ̀sìn àti ìyà jọ wà pọ̀ ni. Ẹ̀rí tí ó ń wá wà nínú ọkọ̀ náà gan-an, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ó dùn wá. Kí ó tó dé inú ọkọ̀ ni ó ti kó wa lọ sí ilé ìjọsìn, tí ó ní ohun tí wọ́n ń sọ fún wa níbẹ̀ ni pé kí a jìyà láyé kí a lè gbádùn ní ọ̀run. Ó fi ohùn àlùfáà ṣẹ̀fẹ̀, ó fi takíbírà wa náà ṣẹ̀fẹ̀, elégbè ń ṣe àmín. Ó wá ní bí àwa ti ń jìyà tó, bíṣọ́ọ̀bù ń jayé, póòpù ń jayé, lèmọ́mù ń gbádùn.

Bí a bá fi etí alárìíwísí gbọ́ ọ, ẹ̀fẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Èyí tí ó fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, inú ilé ni ó ti mú un jáde. Bàbá rẹ̀, Israel Oludotun Ransome-Kuti, àlùfáà ni, òun sì ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School. Bàbá bàbá rẹ̀, J. J. Ransome-Kuti, lọ gba orin ìyìn èdè Yorùbá sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọmọ tí ó dàgbà lábẹ́ dùùrù àti ìwé orin mọ ibi tí ohùn àlùfáà ti ń lọ sókè àti ibi tí ó ti ń bọ̀ nílẹ̀, nítorí náà nígbà tí ó sín àlùfáà jẹ, ó ṣe é dé góńgó. Ti tiwa, ojú títì ni ó ti gbọ́ ọ. Ohun tí ó ti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí bọ́ sí i létí ni ó mú, ó sì ṣì í pè. Ẹni tí ó bá fi ohùn èdè tí kò gbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lè pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré ni, ó sì kéré sí agbára Fẹlá.

Ó sì tún pàdánù. Èmi tí ó jẹ́ pé gírámà Lárúbáwá ni mo ń kọ́ ọmọ láti ọdún yìí wá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ‘akbar’ wà lára irú ọ̀rọ̀ tí a fi ń fi nǹkan méjì wéra: ‘ó tóbi jù’. Ó tóbi ju kí ni? Gbólóhùn takíbírà kò sọ. Ó fi àyè náà sílẹ̀ láìdí i. Ohunkóhun tí a bá fi sí i, Ọlọ́hun tóbi jù ú lọ. Ó tóbi ju sójà tí ó mú kòbókò. Ó tóbi ju ọlọ́pàá tí ń gbáni létí, ó tóbi ju ọ̀gá tí ń kọ ìwé dè wá níbi iṣẹ́, ó sì tóbi ju lèmọ́mù tí ń jayé nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí oúnjẹ jẹ. Bí Fẹlá bá ti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àáfà kan ṣoṣo ní Mushin, ì bá ti rí i pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àwo rẹ̀, òun ni ó le jù lọ sí àwọn tí ó ń bá jà. Ọ̀rọ̀ tí ì bá fi jagun ni ó fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ní ti lèmọ́mù tí ń jayé, n kò ní bá a jà. Àwọn kan nínú wa yóò fẹ́ kí n jà, ṣùgbọ́n àáyà kẹrìnlélọ́gbọ̀n nínú Sùúrà Taoba ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn aṣáájú ẹ̀sìn tí ń jẹ owó ènìyàn lọ́nà èrú kí a tó bí baba ńlá Fẹlá. Àwọn olórí ẹ̀sìn tí ó ṣaájú wa ni àáyà náà dárúkọ, lóòótọ́. Ṣé a rò pé wọ́n sọ ọ́ fún wa kí a lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni? Ẹ wo adúgbò yín. Àáfà tí ń gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ kọ̀ndọ́ nítorí àdúà tí yóò sọ ọ́ di ọlọ́kọ̀. Àga iwájú níbi wòlímọ̀ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ná owó jù ni í jókòó sí i, tí ẹnì kankan kì í béèrè ibi tí ó ti rí owó náà. Fẹlá kò purọ́ mọ́ wa níbẹ̀.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni èyí tí ó jẹ́ gbòǹgbò orin náà, pé ẹ̀sìn ni ó kọ́ wa láti máa jìyà kí a sì máa rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé sùúrù àti ìdákẹ́ jẹ́ nǹkan kan náà. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, èyí ni ó jẹ́ kí orin náà mú wa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo Suratul-Asri, tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kéwú ti há sórí. Nínú ohun tí ó ní kí àwọn onígbàgbọ́ máa fi gba ara wọn níyànjú, òdodo ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ni sùúrù. Ẹni tí kò bá tíì sọ òdodo, sùúrù wo ni ó ń ṣe? Ìnira tí ó bá dé bá ènìyàn nítorí pé ó sọ òdodo ni sùúrù wà fún. Sùúrà Máúnù wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó so ẹni tí ń lé ọmọ òrukàn dànù pọ̀ mọ́ ẹni tí ó pe ẹ̀sìn ní irọ́, ó sì kìlọ̀ fún olùkírun tí kò bìkítà nípa ìrun rẹ̀, tí kò sì lè ya aládùúgbò rẹ̀ ní ohun èlò kékeré. Ìrun tí kò kan ẹlòmíràn ni Fẹlá rí, ó sì rò pé gbogbo ìrun ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Èkó pàápàá kò gbè é tán. Láàárín 1908 sí 1916, nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ gba owó omi lọ́wọ́ ará Èkó, Mùsùlùmí pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pín jámọ́à mọ́sáláṣí gbogbogbòò sí méjì. Àwọn wọ̀nyẹn ń kírun, wọn kò sì rẹ́rìn-ín. Ní 1978 tí àwo yìí jáde, ní oṣù kẹrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tú síta nítorí owó tí ìjọba ológun fi kún ìnáwó wọn, wàhálà tí wọ́n ń pè ní ‘Ali Must Go’, ìbọn sì pa nínú wọn. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Bí a bá sì ń wá ẹni tí ó fi ohùn ẹnu bá ìjọba wí láìfi ìrun sílẹ̀, a ní Láńrewájú Adépọ̀jù, akéwì tí ó kú ní 2023. Ó fi àwo ewì sọ òkò ọ̀rọ̀ sí àwọn alágbára fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun kan náà ni ó sì ń ké sí àwọn Mùsùlùmí pé kí wọ́n pa bìdíà tì.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú gbogbo ibi tí Fẹlá ní kí a gbé ọkàn wa lọ, kò dárúkọ ojúbọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mọ́sáláṣí wà níbẹ̀, aláṣọ funfun wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ní ibi tí ó ń pè ní Shrine, ó sì ń bọ níbẹ̀. Ní ọdún 1978 kan náà ni ó gbé obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níyàwó lọ́jọ́ kan, ẹni tí ó bá fẹ́ bi wọ́n bóyá ìyà ni tàbí ẹ̀rín lè máa bi wọ́n. Nígbà tí ọdún 1980 kọjá díẹ̀, onídán ará Ghánà kan tí ń jẹ́ Professor Hindu dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Fẹlá sì gbà á gbọ́ débi pé ó ya àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe fi ọkàn wa lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, òun ni ó fi tirẹ̀ lé onídán lọ́wọ́. N kò sọ èyí láti fi rẹ́ àwo náà dànù. Àwo náà dára ju ẹni tí ó ṣe é lọ, irú rẹ̀ sì pọ̀ nínú iṣẹ́ ọnà.

Àwọn kan yóò béèrè pé ṣé ó tilẹ̀ tọ́ kí Mùsùlùmí gbọ́ orin onífèrè. Àwọn onímọ̀ wa kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ibn Hazm rí àyè níbẹ̀, àwọn mìíràn kò rí i. Ghazali kọ odidi orí kan nípa gbígbọ́ orin nínú Ìhyáù rẹ̀. Farabi kọ ìwé ńlá lórí ìmọ̀ orin. Ní ilẹ̀ wa, inú wéré ajísààrì Rámádánì ni Sikiru Ayinde Barrister ti fa fújì yọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kí ó ka àyẹ̀wò yìí kí ó sì fi àwo náà sílẹ̀, n kò ní bá a jiyàn.

Fún ẹni tí yóò gbọ́ ọ, kí ó gbọ́ ọ tán. Àṣà Fẹlá ni pé orin tí ó bá ti gbà sílẹ̀ sínú àwo, kì í fẹ́ kọ ọ́ lójú agbo mọ́, nítorí náà àwo náà ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ń gé ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ara wọn, ibi tí ó ti ń fi lèmọ́mù ṣẹ̀fẹ̀ ni wọ́n máa ń gé, wọ́n a sì gé mólúè sọnù. Ìgbà tí a bá ti dúró pẹ́ nínú fèrè àti gìtá yẹn, tí ara ti ń ro wá díẹ̀, ni a tó mọ ìdí tí inú fi ń bí i.

Púpọ̀ ti yí padà l'Óṣòdì láti 1978. Ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ìjọba Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ tí ó gba ojú títì, ní 2019 wọ́n sì ṣí ibùdókọ̀ ńlá alájà náà. NEPA yí orúkọ padà ní 2005, wọ́n sì tà á fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní 2013, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí Fẹlá fi sọ̀rọ̀ iná lálẹ́ kò tíì nílò àtúnṣe. Mo mú apá mólúè yìí wá sí kíláàsì àwọn àgbà wa ní ọjọ́ Sátidé kan, mo sì ní kí olúkúlùkù wọn kọ ohun tí ó rí nínú ọkọ̀ tí ó gbé e wá, ní Yorùbá, láìfi ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn kankan sí i. Púpọ̀ nínú wọn kọ nípa owó ọkọ̀ àti ṣéńjì tí kọ̀ndọ́ kò fún wọn. Ọmọbìnrin kan kọ pé láti Ìyànà-Ìpájà dé Òṣòdì, òun wo ojú gbogbo èrò ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Ó ní fóònù ni wọ́n ń wò. Òun ni mo fún ní máàkì tí ó pọ̀ jù.